Bí Mo Ṣe Di Afẹ́fẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ará Èémí-Ṣọ̀wọ́n

Òjò ti dá yín dúró sí ìloro mi, ẹ̀yin ará Arómi, kò sì sí ẹni tí ó lè jáde nínú yín. Ẹ fara balẹ̀. Ìloro ọdẹ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń jókòó sí lásán, ìtàn ni à ń gbọ́ níbẹ̀. Èmi Ọdẹ́ṣínà ni mo fẹ́ sọ ọ́, èmi tí mo pa ẹfọ̀n méje kí irùngbọ̀n mi tó hù.

"Ẹfọ̀n mẹ́ta ni," ni ìyàwó mi ń wí lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ mọ Ìbíyẹmí, ẹ̀gúsí ni ó ń bó lọ́wọ́, ó sì ti pinnu pé òun yóò máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe bí mo ti ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe é. Òun gan-an ni mo torí rẹ̀ rin ìrìn-àjò náà.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, obìnrin méjìlélógójì láti ìlú yìí wọ bájì lọ ná ọjà ìsàlẹ̀ odò. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni bájì, kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ni ó ń fà á. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, okùn já lójijì. Omi gbé bájì lọ, ó ń gbé e lọ, títí ó fi lọ jókòó lé iyanrìn kan ní ẹnu òkun, níbi tí ilẹ̀ ènìyàn àti ilẹ̀ iwin ti pààlà. Ìbíyẹmí wà nínú rẹ̀. Àwọn apẹja tí wọ́n rí wọn lókèèrè sáré wá sọ fún wa pé ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ àjẹ̀ kankan súnmọ́ ibẹ̀, àti pé bí ó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, òkun yóò kún. Bí ó bá kún, yóò gbé bájì kúrò lórí iyanrìn, yóò sì gbé e lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bọ̀.

Ọba ní kí ni kí a ṣe. Àgbà kan nínú àwọn apẹja wá sọ̀rọ̀. Ó ní ní òdìkejì igbó, ìlú kan wà tí à ń pè ní Èémí-Ṣọ̀wọ́n, àwọn iwin ibẹ̀ sì ní tọ́ọ̀gì kan, ọkọ̀ kúkurú, abara líle, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa fa ọkọ̀ tí ó tóbi jù ú lọ. Ó ní wọn kì í ṣiṣẹ́ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n a lè lọ bẹ̀ wọ́n. Gbogbo ọkùnrin wolẹ̀. Èmi nìkan ni n kò wolẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbójú jù wọ́n lọ ní ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ni ó wà níbẹ̀. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo di aáṣáà mi sínú àpò, mo wọgbó.

Nínú igbó náà, ewé kan kò mì. Ẹyẹ kan kò fò. Mo ti ń rò ó pé irú igbó wo nìyí kí n tó rí ohun tí ó fà á. Iwin kan ni ó sùn gbalaja sí àárín igbó, Gbafẹ́fẹ́mì ni orúkọ rẹ̀, imú rẹ̀ tó ihò àpáta. Bí ó bá mí sínú, gbogbo afẹ́fẹ́ igbó ni yóò fà, tí ikùn rẹ̀ yóò sì yọ ga bí òkè. Fìlà mi ló kọ́kọ́ bá imú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, mo bá dì mọ́ igi àràbà kan. Mo yìnbọn lù ú, ó fa ọta wọ imú bí ẹni ń fín aáṣáà. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi nínú. Mo tú àpò aáṣáà mi, mo jẹ́ kí ó fà á, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó la ojú kan. Ó wá sín, ẹ̀yin ènìyàn mi, sísín náà sì gbé èmi àti ìbọn mi rékọjá òkè mẹ́ta.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú yín tí iwin ti sín jù nù rí?

"Òkè kan lẹ sọ lọ́dún tó kọjá," ni Ìbíyẹmí wí.

Àwọn òkè náà ti bímọ láti ọdún tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ìdí ni mo fi balẹ̀ sí ẹnu bodè Èémí-Ṣọ̀wọ́n. Oníbodè wá bá mi. Aago kékeré kan wà ní àyà rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, kì í sì í ka wákàtí. Èémí ni ó ń kà. Ẹ̀yin kò mọ̀ pé ní ìlú yẹn, ìwọ̀n èémí kan ni à ń fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Bí o bá lo èémí rẹ tán, wàá dùbúlẹ̀ láìsọ̀rọ̀, láìmira, títí oòrùn ọjọ́ kejì yóò fi yọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Irú èmi yìí, n kò bá ti kú sí ibẹ̀ kí n tó dàgbà.

Oníbodè gbé igbá kan tí kò ní ohunkóhun nínú fún mi. Ó ní, "Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fún ọ."

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan."

Ó mi orí. Mo ní òfìfo ni, bí ó bá sì fẹ́ kí ó kún, kí ó bu omi sí i. Ó tún mi orí, ó sì na ìka kan sókè. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó kù fún mi, bí mo bá sì ṣì í, Ìbíyẹmí ti lọ nìyẹn. Mo gbé igbá náà lọ sí ẹ̀bá omi kan tí ó wà níbẹ̀ kí n lè mu omi, kí ojú mi lè wálẹ̀. Bóyá ìdààmú ni ó mú mi, mo dojú igbá náà dé, mo tì í bọ omi. Omi kò wọ inú rẹ̀. Igbá náà ń ti ọwọ́ mi padà, bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wọ ilé. Mo tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, nǹkan kan bá ń hó jáde nínú rẹ̀ gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀, ìgbà yẹn ni omi tó ráàyè wọlé. Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni, mo gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé wàhálà ni mo bá wá, mo lóṣòó síbẹ̀, mò ń fi igbá ṣeré. Láti kékeré ni mo ti ń fi igbá jẹun, n kò mọ̀ rí pé ẹnìkan ń gbé inú rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé.

Mo padà lọ bá oníbodè. Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ni. Ó kún inú rẹ̀, kì í sì í jáde àfi bí a bá ṣí ọ̀nà fún un."

Ó ṣí bodè.

Ọ̀gá atukọ̀ tọ́ọ̀gì náà ń jẹ́ Ìwọ̀nba. Ó gùn, ó tín-ínrín, ojú rẹ̀ tutù. Mo kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yẹ kí ọmọ ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀: mo ka oríkì ilé baba mi, mo ka ti ìyá mi, mo ti ń bọ̀ wá sórí ẹkùn tí mo pa ní ọdún eéṣú nígbà tí ó gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀. Kí ni o fẹ́?"

Mo ní, "Ìyàwó mi wà lórí iyanrìn ní ẹnu òkun. Obìnrin mọ́kànlélógójì wà pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́la ni òkun yóò kún."

Ó ní, "Wọlé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi mí sí, lọ́dọ̀ arúgbó kan tí ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Ìyá Ẹwìrì ni wọ́n ń pè é. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ní, "Kú àbọ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan." Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ọwọ́ mi dúró, ẹnu mi kò dúró. Mo bi í pé kí ni ẹ̀rọ tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ ní igun yẹn, nítorí òun ni mo kọ́kọ́ rí.

Ó ní, "Ẹwìrì ni, bíi ti alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ti alágbẹ̀dẹ a máa tú ohun tí ó bá fà sínú iná. Èyí kì í tú u. Ó ń fa afẹ́fẹ́, ó ń kì í mọ́ inú àgbá irin yìí, ó ń fà á, ó ń kì í mọ́ ọn, títí afẹ́fẹ́ ilé mẹ́wàá yóò fi há sínú àgbá kan."

"Kò ha ń bínú?"

"Ó ń bínú. Ìbínú yẹn ni à ń lò."

Ó fi aago kan hàn mí lára àgbá náà, irú èyí tí ó wà ní àyà wọn. Ó ní bí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀ jù, ẹwìrì á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá gòkè jù, ẹnu kan wà lórí àgbá tí yóò la fúnra rẹ̀, yóò sì tú àpọ̀jù dànù kí àgbá má baà bẹ́. Mo ní kí wá ni wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́lé yìí ṣe. Ó wò mí bí ẹni pé ó ń wọn iye tí ìbéèrè mi yóò ná òun.

Ó ní, "Ìwọ̀nba wà lókè, ó ń wo omi. Ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kò rí nǹkan kan. Bí Ìwọ̀nba bá ń pariwo sí mi, èémí rẹ̀ á tán, ẹ́ńjìnnì kò sì ní jẹ́ kí n gbọ́. Nítorí náà ó ní ọ̀pá kan níwájú rẹ̀, ìka mẹ́ta tó láti tì í. Bí ó bá tì í síwájú, ilẹ̀kùn kékeré kan á ṣí lókè, afẹ́fẹ́ láti inú àgbá á sáré gba paipu yìí wá." Ó fọwọ́ tọ́ paipu bàbà kan tí kò nípọn ju igi ewúro lọ. "Tí ó bá dé ibí, á ti ọmọ odó tí ó wà nínú odó irin yìí, ọmọ odó á ti apá ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á lọ síwájú. Bí ó bá fa ọ̀pá sẹ́yìn, paipu kejì ni afẹ́fẹ́ á gbà, á ti apá ẹ́ńjìnnì sí òdìkejì, ọkọ̀ á fà sẹ́yìn. Bí ó bá fi ọ̀pá sí àárín, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú paipu méjèèjì á tú jáde, ọkọ̀ á dúró."

"Ìka mẹ́ta ló ń darí ẹ́ńjìnnì tó tó ilé yìí?"

"Ìka kò darí rẹ̀. Ìka ránṣẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ló jẹ́ ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ní ìlú tiwa, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ará ìlú yín ṣiṣẹ́ níbí. Afẹ́fẹ́ kò mọ òwe yẹn. Bí a bá ní kí ó ti nǹkan díẹ̀, díẹ̀ ni yóò tì í. Bí a bá ní púpọ̀, púpọ̀ ni."

Inú mi dùn débi pé n kò wo aago àyà rẹ̀. Ẹnu kékeré kan wà ní ìdí àgbá, ó máa ń la fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ní "ṣìì", á sì ta omi díẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, kí ni èyí ń ṣe?" Ó ní, "Ó ń tutọ́." Ó fẹ́ sọ ìyókù, ẹnu rẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ti délẹ̀. Ó rọra dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀, ó pa ojú dé. Ìbéèrè mi ni ó jẹ èémí ìyá náà tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà a dé inú omi kan tí ẹranko abàmì kan ń gbé. Etí nìkan ni ẹranko náà fi ń ṣọdẹ, gbogbo ara rẹ̀ ni etí. Ìwọ̀nba pa ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí omi máa gbé wa lọ jẹ́ẹ́. Àwọn atukọ̀ kò mira. Mo yọjú, mo rí etí ẹranko náà lójú omi, wọ́n fẹ̀ bí ewé kókò. Ìgbà yẹn ni ẹnu ìdí àgbá tún ní "ṣìì".

Mo bẹ́ lọ sí ìdí àgbá. Ẹ ṣàánú mi, ẹ rántí pé ọdẹ ni mí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi a máa gbọ̀n mí jìgìjìgì kí a tó wọgbó. Ohunkóhun tó bá dún lára mi, ìda oyin ni yóò fi dí i. Ohun tí ó bá ń dún, à ń dí i ni. N kò mọ ọ̀nà mìíràn. Mo bu ìda oyin nínú àpò mi, mo pò ó, mo kì í mọ́ ẹnu náà, mo tún fi okùn àpò mi dì í pinpin. Ariwo dá. Etí ẹranko náà tilẹ̀ yí padà sí wa, bí ẹni tí ó ń wá nǹkan tí ó sọnù, ṣùgbọ́n a kọjá. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ ọ́ nílé pé èmi ni mo gba gbogbo ọkọ̀ là. N kò tú ẹnu náà mọ́. Ìwọ̀nba tan ẹ́ńjìnnì, ẹwìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, a sì ń lọ.

Bí oòrùn ọjọ́ kẹta ti ń yọ, mo ti wà lókè lọ́dọ̀ Ìwọ̀nba. A rí bájì. Omi ti ń bọ̀, ó ti dé ìdajì ìhà rẹ̀, bájì ti ń mì lórí iyanrìn. Mo rí Ìbíyẹmí. Ó dúró sí etí rẹ̀ gan-an, ó tú gèlè, ó ń jù ú.

Ìwọ̀nba darí ọkọ̀ tààrà sí wọn kí a lè ju okùn. Nígbà tí ó kù díẹ̀, ó fa ọ̀pá sẹ́yìn kí eré ọkọ̀ lè dínkù. Eré rẹ̀ kò dínkù. Ó tún fà á. Imú tọ́ọ̀gì kọjú sí ìhà bájì, ibi tí ìyàwó mi dúró sí gan-an, ó ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìwọ̀nba wo aago: afẹ́fẹ́ wà, abẹ́rẹ́ wà lókè. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Iṣẹ́ kò dé."

Mo mọ ohun tí kò jẹ́ kí ó dé. N kò tíì mọ bí ó ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni. Ẹ̀rù bà mí, ìtìjú sì bá ẹ̀rù. Mo já wálẹ̀ lórí àkàbà. Ìyá Ẹwìrì ti jí, ó ń wá ìró tí kò gbọ́.

Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo dí i. Mo rò pé ẹranko yẹn yóò gbọ́ wa."

Kò bú mi. Kò ní èémí èébú. Ó fi ọ̀bẹ gé okùn, ó yọ ìda, omi pupa bá tú jáde láti ìdí àgbá, ó pọ̀ tó ìkòkò kan. Ó ní, "Ẹranko yẹn ti mọ ìró rẹ̀, kì í dá a lóhùn. Afẹ́fẹ́ tí a bá há mọ́lé a máa làágùn. Òógùn yẹn ni ó ń tu dànù. O dá a padà, ó ti wọ inú paipu, àwọn ilẹ̀kùn kékeré ti lẹ̀." Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di apá ẹ́ńjìnnì mú, tí ó fi gbogbo ara fà á. "Ọwọ́ mi á ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò rí òkè. Máa gbé ọ̀rọ̀ Ìwọ̀nba wá fún mi. Bí ó ṣe wí i ni kí o ṣe sọ ọ́."

Apá ẹ́ńjìnnì yí. Tọ́ọ̀gì gbọ̀n láti imú dé ìdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nígbà tí mo fi gòkè, àlàfo tí ó wà láàárín wa àti bájì kò ju gígùn ìbọn mi lọ.

Ìwọ̀nba ní, "Dúró." Mo sáré wálẹ̀, mo ní, "Dúró." Wọ́n ju okùn, Ìbíyẹmí gbá a mú, òun àti ẹni mẹ́rin so ó mọ́ irin bájì. Ọmọ apẹja ni, ó mọ okùn so. Ìwọ̀nba ní, "Sẹ́yìn díẹ̀." Mo sáré wálẹ̀, mo ní, "Sẹ́yìn díẹ̀." Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ni àkàbà náà, mo mọ̀ ọ́n ju iye eyín ẹnu mi lọ.

Ìgbà yẹn ni ìgbì ńlá kan dé. Ó gbé ìdí bájì sókè, àwọn obìnrin lọgun, mo sì gbọ́ ohùn Ìbíyẹmí láàárín wọn, orúkọ mi ni ó ń pè. Mo wo Ìwọ̀nba. Ó wo okùn, kò wo ibòmíràn, ó ní, "Díẹ̀."

Àkàbà yẹn gùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà nínú mi ń sọ pé púpọ̀. Bí mo bá sọ pé púpọ̀, ta ni yóò mọ̀? Ìyá Ẹwìrì kò rí òkè. Ṣùgbọ́n okùn ni ó kọ́kọ́ já tí wọ́n fi dé ibẹ̀, Ìwọ̀nba nìkan ni ó sì ń wo okùn yìí. Mo dé ìsàlẹ̀, omi ń dà lójú mi, mo la ẹnu, mo ní, "Díẹ̀."

Ó tún ní díẹ̀, mo ní díẹ̀. Ó ní dúró, mo ní dúró. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò yọ ọ̀kan kúrò. Mi ò lè sọ iye ìgbà tí mo gòkè tí mo sọ̀kalẹ̀, orúnkún mi ni ó ka iye rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Bájì wọ́, ó dúró, ó tún wọ́, ó sì yọ kúrò lórí iyanrìn bí eyín ọmọdé ṣe ń yọ. A kò tíì lọ jìnnà nígbà tí òkun bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Paipu gbẹ lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, a sì dé èbúté Arómi láìsí obìnrin kan tí ó dín. Gbogbo ìlú tú jáde. Mo ti gun orí àpótí kan, mo ń ròyìn fún wọn, mo ti dé ibi tí mo ti fi eyín fa okùn, nígbà tí Ìwọ̀nba sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára abẹ́rẹ́ àyà rẹ̀ bí ó ti ń wálẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ́ṣínà, ibikíbi tí o bá ti sọ ìtàn yìí, sọ ibi tí o ti dí ẹnu náà. Ènìyàn méjìlélógójì ni o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nítorí pé o kò lè dúró dé òwúrọ̀ kí o béèrè."

Èémí rẹ̀ tán síbẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n gbé e wọ ọkọ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí. Ìbíyẹmí rìn dé ọ̀dọ̀ mi, okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni, Bàbá Fọlárìn?"

Mo ní, "Òótọ́ ni. Mo rò pé mò ń gbà ọ́ là."

Mo ti ń retí èébú, mo sì ti gbà pé ó tọ́ sí mi.

Ó ní, "Mo rí yín láti inú bájì, bí ẹ ti ń sáré gòkè, tí ẹ̀ ń sáré sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn parí."

Ẹ̀yin ará Arómi, ẹ ti gbọ́ ibi tí mo ti dí ẹnu náà. Mo sọ ọ́, Ìbíyẹmí sì gbọ́ pé mo sọ ọ́. Òjò ti dá báyìí, kí oníkálukú máa rọra lọ, ilẹ̀ ń yọ̀.